Kòkòrò Inú Oríkèé: Ìtàn Làkúrègbé láti Igbó Odigbo dé Ilé Ìwòsàn Ìbàdàn

Ní gúúsù ìlú Ondo Ẹ̀kìmọ̀gún, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀sà, ni Odigbo, ìlú Ọ̀runjà, wà, tí Ore, ìlú oríta, sì dúró tì í. Ilẹ̀ igbó ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ilẹ̀ ìrókò àti ọ̀gànwó, ilẹ̀ tí odò Olúwa ń fi omi rẹ̀ kẹ́, tí òjò kì í sì í jìnnà sí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí pé àdá ni wọ́n fi là á, àáké ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ, orí àti èjìká ni wọ́n sì fi ru èso rẹ̀ jáde kí mọ́tò tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Glover ti Èkó ń wá ọ̀nà tí ọjà yóò fi gba ilẹ̀ Ondo lọ sí òkè láìkan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní àwọn ọdún 1870, inú igbó tí ó wà láàárín ọ̀sà àti Ondo ni wọ́n la ọ̀nà náà gbà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ wá epo ní 1908, ọ̀dà dúdú tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní ìhà ibí yìí, irú èyí tí ó wà ní Agbabu nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni ó fà wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ni kòkó, gẹdú àti rọ́bà di iṣẹ́ tí ó sọ igbó di owó.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, oyè, ọ̀nà àti ogun ni àwọn òpìtàn máa ń kà fún wa. Wọn kì í sábà ka orúnkún tí ó gun òkè, ọrùn ọwọ́ tí ó ju àáké, tàbí ìka tí ó fọ́ kòkó láti òwúrọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé oríkèé wọ̀nyí ni ó ru gbogbo ẹrù náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ iṣẹ́, ebi a máa mọ̀ kí ọba tó mọ̀. Àìsàn tí ń mú oríkèé ni a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín: ohun tí àwọn bàbá wa gbà nípa rẹ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn Òyìnbó lépa fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti bí ó ti jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ní Ìbàdàn, ni ọ̀kan nínú àwọn èrò tí ó da ọ̀rọ̀ náà rú jù lọ ti jáde.

Ohun tí a ń pè ní làkúrègbé tàbí aromọ́léegun kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá arúgbó tí ó ti ń ro oko kòkó láti ìgbà èwe rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ń ké nígbà tí ó bá dìde, tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ó bá ti rìn tó, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí ó bá jókòó, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ni ó ti jẹ oríkèé rẹ̀ gbó. Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè bá obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ẹni tí ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ore fún àwọn èrò ọkọ̀ Èkó àti Bìní. Bí ó bá jí ní ìdájí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò ní lè di ẹ̀ṣẹ́; yóò ní láti yá iná fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìka tó gbà fún un láti di abẹ̀bẹ̀ mú. Oríkèé ìdí ìka àti ti àárín ìka ni yóò wú, tí yóò gbóná, tí yóò sì máa rọ̀ bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí èyí tí ó wà létí èékánná yóò wà ní àlàáfíà tirẹ̀. Bí ó bá sì mú ọwọ́ ọ̀tún, kì í pẹ́ kí ó tó mú ti òsì ní ibi kan náà. Òrùka ìgbéyàwó kò ní wọlé mọ́. Bí ọdún bá ń gorí ọdún láìsí ìtọ́jú, ìka yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sí ìhà ọmọńdinrín, kì yóò sì padà. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, orí rẹ̀ ni àríyànjiyàn kòkòrò sì dá lé.

Ní ayé àtijọ́, bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ibi mẹ́ta ni àwọn àgbà máa ń wò. Wọ́n a wo òtútù, nítorí pé ẹni tí òjò ń pa lóko, tí ó sì ń sùn lórí ilẹ̀ tútù nínú ahéré, kò lè ṣàìrí ohun tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wọ́n a wo ayé, bóyá ó tẹ ohun tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ tẹ̀, tàbí ọ̀tá ni ó fi ṣe é. Wọ́n a sì wo kòkòrò, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí a dúró sí díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Anthony Buckley, Òyìnbó kan tí ó jókòó tì wọ́n láti kẹ́kọ̀ọ́, tí ìwé rẹ̀ lórí ìṣègùn Yorùbá sì jáde ní 1985, kòkòrò àti aràn kì í ṣe àlejò nínú ara ènìyàn: inú ara ni wọ́n ń gbé, olúkúlùkù nínú àpò tirẹ̀, bí wọ́n bá sì mọ níwọ̀n, tí wọ́n jókòó sí àyè wọn, iṣẹ́ rere ni wọ́n ń bá onílé ṣe. Ìgbà tí oúnjẹ dídùn àti ìjẹkújẹ bá mú wọn pọ̀ jù, tí àpò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ni wọ́n ń tú jáde káàkiri ara, tí ìnira ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn fi ń korò: ewúro, èèpo igi àti egbò tí a rẹ sínú omidùn, iṣẹ́ wọn ni láti dín kòkòrò kù, kí wọ́n sì lé èyí tí ó ṣẹ́ kù padà sí àyè rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá pa gbogbo rẹ̀ run ti ba ilé jẹ́. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Ohun tí ojú sì ń rí bí a bá gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kò ṣòro láti sọ, nítorí pé àwọn tí wọ́n ru àpá rẹ̀ ṣì ń bẹ láàárín wa. Oníṣègùn a na ẹsẹ̀ aláìsàn sí orí ẹní, a fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún yí ká títí yóò fi kan ibi tí ó ti ń dùn jù lọ. A wá fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, kìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ díẹ̀, a sì fi ètù dúdú ra ojú rẹ̀ títí yóò fi wọlé. Lẹ́yìn èyí ni òrí tàbí àdín yóò tẹ̀ lé e. Àwọn ọdẹ sì máa ń tọ́jú ọ̀rá òjòlá sínú ìgò fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Egbò orín ata wà nínú ohun tí wọ́n ń sè fún mímu. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣẹ̀rín: ibi tí ó ń dùn ni wọ́n gbé oògùn lọ tààrà, ohun tí ó sì mú wọn gbà pé ohun alààyè lè wọ oríkèé lọ kì í ṣe àlá. Sobìà ni ojú wọn ti rí i dájú. Aràn gígùn yìí, tí ènìyàn ń mu pẹ̀lú omi adágún, a máa rìn nínú ara fún bí ọdún kan, a sì máa jáde ní ẹsẹ̀. Ìgbà mìíràn a máa wọ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ lọ, oríkèé náà a sì wú, a gan pa. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tí sobìà ń bá jà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti rí sobìà kò nílò ẹ̀rọ amúǹkantóbi kí ó tó gbà pé oríkèé lè ní àlejò.

Ní ìhà ti àwọn Òyìnbó, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi kan náà gùn, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Augustin Jacob Landré-Beauvais, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn rheumatoid arthritis náà yékéyéké ní 1800, nígbà tí ó rí i lára àwọn obìnrin tálákà ní ìlú Paris. Alfred Baring Garrod sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní ní 1859 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Pasteur àti Koch ti fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn, gbogbo dókítà bẹ̀rẹ̀ sí wá kòkòrò ti àìsàn tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ kan wá gbilẹ̀ pé kòkòrò a máa sá pamọ́ sí ìdí eyín tàbí inú ọ̀nà ọ̀fun, pé láti ibẹ̀ ni ó ti ń rán oró rẹ̀ sí oríkèé; Frank Billings ní ìlú Chicago sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yìí lárugẹ ní nǹkan bí 1912. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ eyín àìmọye ènìyàn dànù, tí wọ́n ń gé bèlúbèlú wọn, tí làkúrègbé wọn sì dúró sí ibi tí ó wà. Ẹnu ṣófo, orúnkún kò sàn.

Àwọn mìíràn rò pé ìbátan ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Koch ti rí i ní 1890 pé èròjà tí a fi wúrà ṣe a máa dá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró nínú ìgò. Jacques Forestier, ọmọ Faransé, wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí oríkèé bá ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, wúrà yóò ṣẹ́gun rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kéde ní 1929 pé àwọn aláìsàn tí òun fún ní abẹ́rẹ́ wúrà ń sàn. Nanna Svartz, obìnrin dókítà kan ní Stockholm, náà gbà pé kòkòrò ni, ó sì ní kí wọ́n so oògùn apakòkòrò pọ̀ mọ́ oògùn ìrora fún un, láti ìparí àwọn ọdún 1930. Oògùn náà, sulfasalazine, wà lórí àtẹ títí di òní. Ohun ìyanu ni pé oògùn méjèèjì ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rí kòkòrò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe wọ́n. Ní àkókò kan náà ní Amẹ́ríkà, Thomas McPherson Brown gbà pé òun ti rí ohun alààyè kékeré kan tí a ń pè ní mycoplasma nínú omi oríkèé. Ó lo iyókù ayé rẹ̀ láti máa fi oògùn apakòkòrò tọ́jú aláìsàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni wo ẹlẹ́sìn àjèjì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí wọ́n dán minocycline, ọ̀kan nínú irú apakòkòrò bẹ́ẹ̀, wò lára aláìsàn 219 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1995, wọ́n rí i pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n oògùn náà a máa mú kí wíwú rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìpa kòkòrò kankan, nítorí náà ìdánwò náà kò dá Brown láre pátápátá, kò sì dá a lẹ́bi.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yí ojú ọ̀rọ̀ padà ni ẹ̀jẹ̀. Erik Waaler ní ilẹ̀ Norway kéde ní 1940 pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ohun kan ń bẹ tí kì í sábà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le: ohun ìjà ara ni, ṣùgbọ́n ohun ìjà tí ó dojú kọ ohun ìjà ara mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó wá hàn gbangba pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti máa bá kòkòrò jà ni wọ́n ń gbógun ti awọ inú oríkèé, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ adúgbò tí a fún ní ìbọn, tí ó wá yí ẹnu rẹ̀ sí onílé tí ó gbà á síṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú àìsàn yìí, ọ̀bẹ gbẹ́ èkù. Nígbà tí Philip Hench ní ilé ìwòsàn Mayo wá fún obìnrin kan tí kò lè dìde lórí ibùsùn ní abẹ́rẹ́ cortisone, oògùn tí ń pẹ̀rọ̀ sí irú ìjà bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, tí obìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá kan ọ̀ràn náà: ní 1949 ni àwọn onímọ̀ ewéko láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ya bo igbó wa, tí wọ́n ń wá èso ìtàkùn Strophanthus, èyí tí àwọn ọdẹ wa ti fi ń ṣe oró ọfà láti ayébáyé, nítorí wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni wọn yóò ti rí ohun tí wọn yóò fi ṣe cortisone lọ́pọ̀ yanturu. Iṣu ìgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Mexico ni ó gba ipò náà mọ́ ìtàkùn wa lọ́wọ́ ní ìkẹyìn.

Bí ọ̀ràn ti rí nìyí nígbà tí Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì, UCH, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957, tí àwọn aláìsàn sì ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, Ondo àti agbègbè Odigbo pẹ̀lú rẹ̀, gbé ara lọ síbẹ̀. Ní 1965 ni ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, Brian Greenwood, dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan kọ ọ́ lóminú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláìsàn tí ẹ̀ṣọ́ ara wọn ń bá wọn jà kún yàrá ìtọ́jú. Ní Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà rí wọn. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà jókòó, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti 1957 títí dé 1966: nínú 98,454 ènìyàn tí wọ́n dá dúró fún ìtọ́jú, 104 péré ni ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó kọ èyí sínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1968, ó sì béèrè ìbéèrè kan tí kò sí ẹni tí ó retí rẹ̀: ṣé kì í ṣe kòkòrò tí ó wà lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti kékeré, ibà pàápàá jù lọ, ni ó ń dáàbò bo oríkèé wọn?

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ti yí po. Fún àádọ́rin ọdún ni wọ́n ti ń wá kòkòrò tí ń fa làkúrègbé. Ní Ìbàdàn, ẹnìkan dìde pé àìsí kòkòrò ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù. Èrò rẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ ara tí ibà ń fún níṣẹ́ ṣe láti ìgbà ọmọ ọwọ́ kò ráyè fún ìjà ilé, ṣùgbọ́n èyí tí kò rí ọ̀tá gidi bá jà ni ọwọ́ rẹ̀ ń yún. Greenwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu: wọ́n mú irú eku kan tí a mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ara wọn yóò bá wọn jà dandan bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n kó ibà eku ràn wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́, wọ́n tẹ èyí jáde ní 1970. Bẹ́ẹ̀ ni Francis Page ti rí i ní 1951 pé oògùn ibà a máa rọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lójú, láti ìgbà náà sì ni àwọn dókítà ti ń fún aláìsàn oríkèé ní chloroquine àti ìbátan rẹ̀, oògùn kíkorò tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Oníṣègùn Yorùbá tí ó ní kòkòrò tí ó bá mọ níwọ̀n ń ṣe onílé lóore kò mọ Greenwood, Greenwood kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀rí wọn kò dọ́gba rárá, ṣùgbọ́n orí òkè kan náà ni wọ́n ti pàdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Kí a má baà sọ àsọdùn, kòkòrò tí ń wọ oríkèé lọ tààrà kò kúrò nílẹ̀. Ní 1969, nígbà tí iṣẹ́ Greenwood ṣì ń lọ lọ́wọ́, ibà chikungunya, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, yàrá ìwádìí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ní yunifásítì ibẹ̀ sì tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú, oríkèé rẹ̀ a ro ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè nàró, ó sì lè tó oṣù díẹ̀ kí ó tó bọ́ tán. Àtọ̀sí a máa wọ orúnkún lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ ìbàdí àti eegun ẹ̀yìn. Àwọn wọ̀nyí ní kòkòrò tí a lè rí mú, oògùn rẹ̀ sì wà. Rheumatoid arthritis ni a kò rí kòkòrò kan ṣoṣo mú fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti wá a nínú omi oríkèé láti ọjọ́ Koch títí di òní.

Igbó kò wá dúró bí ó ti wà, ibùgbé ènìyàn sì kan ọ̀rọ̀ àìsàn yìí. Nígbà tí oníwàádìí kan, Silman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Adebajo àti Asuzu wà lára wọn, lọ wo àgbàlagbà bí 2,000 ní ìlú Igbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1993, wọn kò rí ẹyọ ẹnìkan tí ó ní àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ní South Africa, ìwádìí méjì tí ó jáde ní 1975 ti fi hàn pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn Tswana ìgbèríko, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Soweto tó bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn Òyìnbó: ìran ènìyàn dúdú kan náà, ibùgbé ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ore gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní kọjá tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Èkó, Ore ni ogun ti dá wọn dúró, ibẹ̀ ni a sì ti ń sọ pé ó le kú, ìjà Ore. Lẹ́yìn ogun ni títì ńlá tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Bìní dé, abúlé onígẹdú sì di ìlú tí kì í sùn, tí ọkọ̀ ń wọlé tọ̀sán tòru, tí apá igbó ń ká sẹ́yìn níwájú ẹ̀rọ ìlagi. Omi ẹ̀rọ, oògùn aràn, oògùn ibà àti apakòkòrò ti dé ilé tí bàbá ilé fi ewúro nìkan tọ́jú ara. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a dá ibà àti sobìà padà. Ikú àwọn ọmọdé tí ibà pa pọ̀ ju kí a fi wọ́n ra orúnkún rere lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Adélowó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn rheumatoid arthritis 200 àkọ́kọ́ láti ilé ìtọ́jú oríkèé jáde ní 2010, ó ti hàn pé àìsàn tí àwọn ìwé 1968 pè ní ọ̀wọ́n ti ní ìjókòó láàárín wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kòkòrò sì ti padà wá kan wá nísinsìnyí ni ẹnu. Àwọn tí wọ́n yọ eyín aláìsàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò ṣìnà pátápátá. Àpọ̀jù ni wọ́n ṣe. Kòkòrò kan wà, Porphyromonas gingivalis, tí ń ba erìgì jẹ́, tí ó sì lè yí ara èròjà ẹ̀jẹ̀ àti ẹran padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ara kò fi ní dá ara ilé mọ̀ mọ́. Ẹni tí erìgì rẹ̀ ti jẹrà a sì máa ní làkúrègbé yìí ju ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ. Ní 2013, àwọn oníwàádìí ní New York tún rí kòkòrò inú ìfun kan, Prevotella copri, tí ó pọ̀ lára àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bá jà. Ohun ìjà tí ó ṣìnà a sì máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìka kan tó wú. Bí ìṣáájú bá wà fún ogun náà, ó jọ pé ẹnu, ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí oríkèé kàn jẹ́ pápá tí wọ́n ti ń jà á. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Orín tí àwọn àgbà Odigbo ń rún láàárọ̀ kí wọ́n tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìlànà ìmọ́tótó lásán nígbà náà: àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Sófowóra pẹ̀lú wọn, fi hàn ní 1971 pé oje inú àwọn orín wa a máa ṣẹ́gun kòkòrò.

Ìdájọ́ tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́ ṣe kedere. Kòkòrò kan ṣoṣo kọ́ ni ọ̀daràn, ẹni tí ó bá sì ń fi apakòkòrò tí ó rà lórí igbá wo làkúrègbé ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ìjà láàárín ara àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni, oògùn tí ó ń bá ẹ̀ṣọ́ ara wí, irú methotrexate tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà, ni ó ti dáàbò bo ìka ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ ní oríta Ore, tí ó ń lé ìrora lọ lóru ọjọ́ kan: ọmọ ìyá cortisone ni ó máa ń wà nínú púpọ̀ wọn, a máa mú ojú wú bí ẹni tí ó sanra, a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́, a sì máa gbé àtọ̀gbẹ dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Odigbo àti Ore, ẹ̀yin onígẹdú, ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ọjà lẹ́bàá títì: bí ìka tàbí ọrùn ọwọ́ bá wú tí ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ó bá ń le koko ní òwúrọ̀ fún wákàtí kan, ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó, ẹ má sì pè é ní ayé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ondo, ó wà ní Akúrẹ́, ó wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ tètè lọ, nítorí pé ìka tí ó bá ti tẹ̀, kò sí oògùn, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti Òyìnbó, tí í nà án padà.